Kí ẹ tó ki sípánà bọ ẹ̀yìn Ìjàpá

Bàbá mi ló fi Ìjàpá yìí, ọkọ̀ Volkswagen Beetle tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, sílẹ̀ fún mi, ọ̀kan lára àwọn tí Volkswagen tò lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tún un ṣe fúnra mi lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ohun tí mo bà jẹ́ pọ̀ ju ohun tí mo tún ṣe lọ. Ibi tí ọwọ́ mi ti ṣì ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Púlọ́ọ̀gì ló kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n, òun ló sì gbówó lọ́wọ́ mi jù. Alumíníọ́ọ̀mù ni tóòpù sílíńdà tí púlọ́ọ̀gì ń wọ̀, irin ni púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jà, ẹ ti mọ ẹni tí yóò wó. Púlọ́ọ̀gì kẹta, èyí tó fara pamọ́ sápá òsì níwájú, ni mo fi sípánà kì wọlé láìrí ibi tó ń lọ. Ó le díẹ̀, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo bá fi agbára kún un. Ó dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wá ń yí lófìfo. Tírẹ́ẹ̀dì, ojú ihò tí púlọ́ọ̀gì ń yí wọ̀, ti jẹ tán. Àfi ká sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, kí n gbé tóòpù lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ irin kí wọ́n fi búúṣì, ìyẹn ojú tírẹ́ẹ̀dì tuntun, sí i. Mẹ́rin péré ni bóòtù tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, ṣùgbọ́n ó lé ní 100 kílò, kì í ṣe ohun téèyàn ń fi àyà gbà.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ gé rọ́bà epo tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, ẹ kì í bọ orí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì fi rọ́bà náà yí i. Ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó jókòó, kí ẹ tó yí i síwájú. Bó bá fẹ́ gba ẹ̀bùrú, rọ́bà á yọ̀ lórí rẹ̀, kò ní lágbára tó fi máa ba nǹkan jẹ́. Ìgbà tó bá wọlé tán ni sípánà ń kàn án.

Agbára yẹn náà ló bá mi dé abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Lítà 2.5 ọ́ìlì ló ń gbà, nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà ló sì di àwo abẹ́ asẹ́ ọ́ìlì mú. Sípánà gígùn ni mo fi dè wọ́n, méjì nínú wọn bá bóòtù wọn yí lọ. Sípánà 10 kúkurú, ìka méjì, ó tó. Bó bá ń jò, wáṣà ni kí ẹ pààrọ̀.

Títún tápẹ́ẹ̀tì tó ń ti fáàfù sílíńdà ṣí ṣe, òwúrọ̀ kùtù ni, kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí ọkọ̀. Àlàfo àárín òun àti fáàfù jẹ́ mílímítà 0.15. Sílíńdà kìíní wà lápá ọ̀tún níwájú, ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹta àti ìkẹrin wà lápá òsì. Àmì ara púlì tí bẹ́líìtì wà lórí rẹ̀ máa ń bá kìíní mu, ó sì máa ń bá ìkẹta mu. Èmi ò mọ̀, mo tún ti kìíní ṣe nígbà tó kan ìkẹta. Ẹ ṣí ìdérí dísítíríbítọ̀ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì: bí ẹnu rótọ̀ tó ń yí nínú rẹ̀ bá kọjú sí àmì tí wọ́n há sétí ibẹ̀, kìíní ló kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yí púlì sẹ́yìn ní ìlàjì-ìlàjì, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin á tẹ̀ lé ara wọn. Bó bá ń ró díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀. Fáàfù tó dákẹ́ jù ló ń jóná.

Epo ni mi ò fi ṣeré mọ́. Rọ́bà tó ń gbé e lọ sí kabúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò, gba òkè dísítíríbítọ̀ kọjá, níbi tí iná ti ń ta. Mo pààrọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, mo ní ó di ọ̀la kí n fi kílípù sí i. Ọ̀la dé, mo gbàgbé. Bí mo ṣe ṣáná, ọmọ mi obìnrin tó dúró lẹ́yìn figbe ta: “Dádì, ó ń tọ̀!” Mo pa ẹ́ńjìnnì kíá. Magnesium ló pọ̀ jù nínú ikùn ẹ́ńjìnnì Ìjàpá. Bí iná bá ràn mọ́ ọn, omi á tún dá kún un ni. Garawa iyanrìn gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí dòní. Ẹ tún fọwọ́ fa ọ̀pá idẹ kékeré tó wọnú kabúrétọ̀: bó bá ń mì, ẹ má ṣáná rárá.

Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Bí ìdérí rẹ̀ bá ti sọnù, tí ẹni tó sanra sì jókòó, irin àga á kan orí bátìrì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló kọ́ mi ní tìyẹn, èéfín ti ń jáde lábẹ́ ìró wọn ká tó bá wọn dìde. Máàtì rọ́bà ni mo tẹ́ lé e títí mo fi rí ìdérí rà.

Ó ku nọ́ọ̀tì tó bá já sínú ilé fáànù. Ẹ má ṣáná, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì wá a. Mo ti fi ìrọ̀lẹ́ kan gbáko wá ọ̀kan rí, tí mo tú ilé fáànù palẹ̀. Àpò ṣòkòtò mi ló wà.