Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ìwà Ẹran: Ìtọ́sọ́nà fún Ọlọ́sìn àti Onílé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí adìẹ bá ń ṣá ara wọn jẹ, bí ajá bá ń gbó mọ́jú, bí ewúrẹ́ bá kọ ọmọ rẹ̀, oògùn tàbí pàṣán ni púpọ̀ nínú wa máa ń sá lọ gbé. Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹranko a máa kọ́kọ́ wò ná. Ẹ̀yin náà lè ṣe é láìná kọ́bọ̀. Kí ẹ tó da oúnjẹ láàárọ̀, ẹ dúró sẹ́yìn wáyà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má wọlé, ẹ má pariwo. Tí wọ́n bá ti gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ máa wo èyí tó ń fà sí igun, èyí tí wọ́n ń lé, èyí tí kò dìde.

Adìẹ

Ará Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1922 pé agbo adìẹ ní ipò: ọ̀kan wà lókè tó ń ṣá gbogbo ìyókù, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ tí kò rí ẹni ṣá. Ẹni tó bá ti sin adìẹ ìbílẹ̀ rí kò nílò ará Norway kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ti ibẹ̀ jáde wúlò. Bí ẹ bá da adìẹ tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀, ipò gbogbo agbo á dàrú, ìjà á sì dé. Alẹ́ ni kí ẹ kó wọn wọlé, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ má mú ẹyọ kan ṣoṣo wọlé. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sí ibi púpọ̀ tó jìnnà síra, kí àwọn ọ̀gá má baà dúró ti gbogbo rẹ̀.

Ṣíṣá ìyẹ́ ara ẹni jẹ yàtọ̀ sí ìjà ipò o. Àyè tó há, iná tó mọ́lẹ̀ jù, oúnjẹ tí sóyà tàbí ẹja inú rẹ̀ kò tó, gbogbo wọn lè fà á. Adìẹ tí kò rí nǹkan fẹsẹ̀ tú á fẹnu tú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ da lẹ́búlẹ́bú pákó gbígbẹ sílẹ̀, ẹ so ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kọ́ níwọ̀n ibi tí ọrùn wọn á nà dé. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ lára rẹ̀, ẹ mú un kúrò lójú ẹsẹ̀, torí àwọn yòókù kò ní fi í sílẹ̀ mọ́.

Nínú oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta, adìẹ tó la ẹnu tó sì na apá sílẹ̀, ooru ló ń mú un. Adìẹ kì í làágùn. Omi tútù àti afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́. Tó bá jẹ́ àárọ̀ tútù ló ṣì ń mí helehele, ẹ pe dókítà ẹran.

Ajá

Ivan Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, ṣàkíyèsí pé itọ́ ń dà lẹ́nu àwọn ajá rẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Ajá ń so ohun méjì tó bá tẹ̀lé ara wọn kíákíá pọ̀. Nítorí náà, ajá tó jí ẹran inú ìkòkò láàárọ̀, tí ẹ wá nà án lọ́sàn-án nígbà tí ẹ dé láti Ọjà Ọba, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹran ni. Wíwọlé yín ló so ìyà náà mọ́. Ojú tó ń rẹ̀ sílẹ̀ yẹn, ẹ̀rù ni, kì í ṣe ìtìjú.

Láti bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 12 lẹ́yìn ìbí ni ọmọ ajá ń kọ́ ohun tí kò yẹ kó bẹ̀rù. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé lásìkò náà kó lè burú. Ó máa burú lóòótọ́. Ó sì lè bu ọmọ onílé jẹ. Ẹ jẹ́ kó mọ ọmọdé, ọ̀kadà, ewúrẹ́ àti ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8.

Ẹ má na ajá nítorí pé ó kùn. Ìkìlọ̀ ni. Èyí tí wọ́n ti nà títí tí kò fi kùn mọ́ á kàn buni jẹ ni. Ìrù tó ń mì kò sì tó láti fọkàn tán an: ẹ wò ó bóyá ara rẹ̀ le gbagidi, tàbí etí rẹ̀ lẹ̀ sẹ́yìn.

Tí ajá jẹ́jẹ́ bá ṣàdédé ń bu igi àti òkúta jẹ, tí itọ́ ń ṣàn, tí ohùn rẹ̀ yí padà, ẹ fura sí dìgbòlugi. Ẹ̀yin tó ń pa ajá fún Ògún tàbí fún jíjẹ ní Oǹdó, ẹ má fọwọ́ kan irú rẹ̀: itọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Ẹni tó bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kò sí ata, kò sí epo, kò sí ewé. Tí àìsàn náà bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Láti oṣù 3 ni kí ajá ti máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún.

Ewúrẹ́, àgùntàn, màlúù

Láàárín wákàtí kan sí méjì tí ewúrẹ́ bímọ, bó ṣe ń lá a, ó ń fi òórùn mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbé ọmọ náà lọ wẹ̀. Ìyá lè kọ̀ ọ́. Àgùntàn kò fẹ́ràn àdáwà, ẹ sin méjì, ó kéré tán. Ní ti màlúù, ohun tí Temple Grandin, obìnrin onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹran, ń kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn Fúlàní darandaran ti mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá dúró sẹ́yìn èjìká màlúù, màlúù á lọ síwájú, ẹni tó bá bọ́ síwájú èjìká, á padà sẹ́yìn.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹran lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ kí ẹ tó gbé e. Púpọ̀ nínú wọn a máa fi àìsàn pamọ́ bí wọ́n bá ti rí àjèjì.