Èmi ọmọ Èkó, mo dé Lagos ilẹ̀ Potogí

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa ní ilé ìwé pé àwọn Potogí ló sọ Èkó ní Lagos. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ìlú kan wà lórí ilẹ̀ tiwọn tó ń jẹ́ Lagos, pé ìlú èbúté ni òun náà, àti pé níbẹ̀ ni wọ́n ti pín àwọn èèyàn tí wọ́n kó láti Áfíríkà fún àwọn olówó ní ọdún 1444. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà kí n tó gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi kò ti kúrò níbẹ̀, àfi ìgbà tí mo lọ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹ tètè wá físà Schengen. Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbé yín dé Pọ́túgà. Mo bẹ̀rẹ̀ tèmi nígbà tí ìrìn àjò ku oṣù méjì, ìyẹn sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú gbé mi dé Faro ní nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibùdó rélùwéè, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Lagos. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, ó ń dúró ní gbogbo ìlú kéékèèké, ọgbà ọsàn níhìn-ín, ọgbà ọsàn lọ́hùn-ún. Kò sí pé èèyàn ń ṣì í bọ́ sílẹ̀, torí Lagos ni òpin irin náà.

Láti ibùdó rélùwéè, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wọ ìlú. Afárá kan wà lórí odò Bensafrim tí wọ́n máa ń gbé sókè kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó kù, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí mi lójú, mo sì rántí Mároko, àdúgbò wa ní Èkó, àti ọ̀sà wa. Ẹ má rò pé ibì kan náà ni orúkọ méjèèjì ti wá o. Lacobriga, orúkọ àtijọ́, ni ó di Lagos lọ́dọ̀ tiwọn. Ní Èkó, omi wa ni wọ́n rí. Adágún omi ni “lago” lédè wọn, “Lago de Curamo” sì ni wọ́n kọ sórí àwòrán ilẹ̀ wọn àtijọ́. Kúràmọ̀ yẹn náà ni a ṣì ń pè lónìí.

Ọjọ́ Ajé ni mo dé, mo sì bá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọjà ẹrú wọn ní títì. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé. Mo fi ọjọ́ yẹn rin odi ìlú, mo dé ìdí ère ọba Sebastião, tó gba èbúté yìí lọ sógun ní Mòrókò ní ọdún 1578 tí kò sì padà bọ̀. Lọ́sàn-án, mo wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí Ponta da Piedade, níbi tí òkun ti gbẹ́ àpáta pupa di ihò àti ẹnu ọ̀nà. Ó rẹwà gidi. Mo jẹ sadín sísun lálẹ́, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi mú ata piri-piri wá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ṣe ohun tí mo bá wá. Ilé tí wọ́n ń pè ní Mercado de Escravos, ọjà ẹrú, kò ju ilé kékeré olójúlé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede tí ère Henry jókòó sí, ọmọ ọba Potogí tó ń rán ọkọ̀ lọ sí etíkun Áfíríkà. Ilé náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ tó ọdún 1444. Àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ ìtàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n kó èèyàn 235 sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti agbègbè etíkun tó di Mauritania lónìí. Henry wà lórí ẹṣin, wọ́n yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún un, èèyàn 46. Zurara, akọ̀wé ààfin wọn, ló kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ya ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìyá, bí àwọn ìyá ṣe ń dojú bolẹ̀ lé ọmọ wọn. Kì í ṣe ará ilé wa ni wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n là lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n tọ̀ dé Àgbádárìgì.

Ẹ má fi ibẹ̀ parí rẹ̀. Lẹ́yìn odi ìlú, níbi tí wọ́n ń pè ní Valle da Gafaria, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ọdún 2009 láti kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, ni wọ́n bá kan egungun èèyàn tó lé ní 150, ọmọ Áfíríkà, àgbà àti ọmọdé. Orí ààtàn ìlú ni wọ́n jù wọ́n sí. Wọ́n rí àwọn kan tó dà bíi pé wọ́n dì wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n kó àwọn egungun náà kúrò, wọ́n parí ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n sì ṣe pápá gọ́ọ̀fù kékeré sórí rẹ̀. Inú bí mi, mi ò sì fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Àwa kì í sin òkú sí ààtàn. Ẹni tí wọ́n bá jù síbẹ̀, wọn kò kà á sí èèyàn ni.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko náà fún ìgbà díẹ̀, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù wọn. Mo ṣí ìgò omi mi, mo ta díẹ̀ sílẹ̀, mo ní: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tí wọ́n jù sí ààtàn. Ọmọ Èkó ló wá kí yín.” Lẹ́yìn náà ni mo gba orí afárá padà sí ibùdó rélùwéè.