Bí Mo Ṣe Tọpa Owó Ẹ̀rọ Omi Ẹ̀yìn Ọjà Wa

Táǹkì wà lórí kọnkéré lẹ́yìn ọjà wa, omi ni kò sí. Tí a bá béèrè, èsì kan náà ni: owó ò tíì jáde l'Ábújá. Mo ní kí n fi ojú ara mi rí i bóyá lóòótọ́ ni.

Ìwé ìṣúná ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Budget Office, iléeṣẹ́ ìṣúná ìjọba àpapọ̀, máa ń gbé e sórí ìkànnì wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Fáìlì náà tóbi, orúkọ ìlú ni kẹ́ ẹ tẹ̀ síbi àwárí. Àmọ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ wá ní kò sí níbẹ̀ o: bó ṣe wu akọ̀wé ló ń kọ ọ́. Igbó-Ọrà lè di Igboora, ó lè di Igbo-Ora. Mo bá tiwa lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò bá omi tan rárá, èyí tí kì í ya ẹni tó mọ iṣẹ́ àkànṣe àwọn aṣòfin lẹ́nu, ìyẹn iṣẹ́ tí aṣòfin máa ń fi sínú ìṣúná fún àdúgbò rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ náà mọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ERGP, wà níwájú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣé owó wá jáde? Open Treasury Portal, ìkànnì tí Ààrẹ Buhari ṣí lóṣù Kejìlá ọdún 2019, ni wọ́n ṣe fún ìyẹn. Owó tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá san, tó bá ti tó mílíọ̀nù 5 náírà, ó yẹ kó hàn níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbà á àti ohun tí wọ́n torí ẹ̀ san án. Iye owó ni mo fi mú tiwa. Wọ́n ti san án. Ṣùgbọ́n "iṣẹ́ omi" lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sórúkọ ìlú.

Lẹ́tà ló kù. Òfin Òmìnira Ìròyìn (FOI) ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè rán ẹlòmíì. Ìmọ̀ràn mi: ẹ má béèrè "kí ló dé?", ìwé ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹni tẹ́ ẹ bá bi ní "kí ló dé" á rojọ́ fún yín. Ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún kọngílá ni mo béèrè, àti ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ parí, àti fọ́tò rẹ̀. Mo fi nọ́ńbà ERGP sí i, mo sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ 7 kọjá, wọn ò fọhùn. Mo kọ ìránnilétí, mo rọra mẹ́nu ba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà tí òfin ní kí iléeṣẹ́ tó bá fi ìwé du ènìyàn láìtọ́ san. Èsì dé. Ìwé ẹ̀rí ní iṣẹ́ ti parí pátápátá. Fọ́tò náà mọ́lẹ̀ kedere: omi ń ya nínú ẹ̀rọ, pánẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́fà ń dán, òkè olókùúta kan sì wà lẹ́yìn táǹkì. Ilẹ̀ tiwa tẹ́jú bí ọpọ́n. Kò sí òkè kankan nítòsí ọjà.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá, mo gbé e lọ sípàdé ìlú. Bàbá Báálẹ̀ wò ó títí, wọ́n ní, "Ọjà ta rèé?" Ìlú fọwọ́ sí lẹ́tà, a so fọ́tò wọn pọ̀ mọ́ èyí tí a yà lẹ́yìn ọjà wa, a fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ náà àti aṣojú wa.

Kọngílá padà wá. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi síbẹ̀, ó sì gbé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin kọ́ dípò mẹ́fà, nítorí náà omi kì í wá tí òjò bá ti ṣú. Kò sí ojú ìwé kankan nínú gbogbo èyí tí mo gbà tó sọ ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ìyẹn ló wà nínú lẹ́tà tuntun tí mo fi ránṣẹ́, òun àti pánẹ́ẹ̀lì méjì tó kù.