Ẹ má tiná bọ ààtàn ní ìdájí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa èéfín àti afẹ́fẹ́ ní Òṣogbo

Ìdájí ni ọ̀pọ̀ agboolé máa ń jó ìdọ̀tí, pàápàá nígbà ọyẹ́. Wọ́n á ní atẹ́gùn ò tíì máa fẹ́, iná ò ní ràn dé ilé onílé. Iná ò ní ràn lóòótọ́, àmọ́ èéfín náà ò ní lọ.

Kó tó di àfẹ̀mọ́júmọ́, ilẹ̀ á ti tutù, á sì ti mú afẹ́fẹ́ tó fara kàn án tutù. Afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á wá wà lókè, á dé ti ìsàlẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín á gòkè díẹ̀, á dúró, á tẹ́ pẹrẹsẹ sórí òrùlé páànù. Afẹ́fẹ́ tútù a sì máa ṣàn lọ sí ibi tó bá rẹlẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀, lápá odò Ọ̀ṣun, ló máa fa èéfín ará òkè símú. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, bákan náà ni. Ó di nǹkan bí aago 10 àárọ̀ kí oòrùn tó ṣí ọmọrí yẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń gbé ẹta iná. Ewé gbígbẹ, ẹ kó o jọ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó di ajílẹ̀. Páìpù PVC, ẹ má jó o rárá: gáàsì hydrogen chloride tó ń tú jáde máa ń bó ọ̀fun.

Àṣìṣe kejì ni ibi tí a gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí sí. Lóṣù Keje, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá. Lóṣù Kìíní, àríwá ìlà-oòrùn ni. Kòtò tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà òjò lè wá dojú èéfín kọ fèrèsé nígbà ọyẹ́. Ẹ so ọ̀já nylon mọ́ igi gígùn, kó jìnnà sí ògiri (ògiri máa ń ṣi atẹ́gùn lọ́nà), kí ẹ wo ibi tó ń fẹ́ sí.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ó kéré tán, mítà 6 sí ilé, kí ẹnu sálẹ́ńsà kọjú síta. Carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju ọ́síjìn lọ. Aṣọ tútù nímú kò dá a dúró. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wá oògùn ẹ̀fọ́rí: ẹ jáde síta ná.