Yóógà Kì Í Ṣe Àṣehàn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Ará Ìbàdàn

Bẹ́ ẹ bá bi èèyàn n'Íbàdàn pé kí ni yóógà, wọ́n á ní kéèyàn máa lọ́ ara bí ẹni tí kò léegun ni. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Patanjali, ará Íńdíà àtijọ́ tí wọ́n ní ó kó ẹ̀kọ́ yóógà jọ, pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ. Ìkẹta ni ti ara tá à ń wò nínú fídíò, ohun tó sì sọ nípa rẹ̀ kò ju pé kí ìjókòó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kó sì tura. Ìwà ló fi ṣáájú: má ṣe ẹlòmíràn níbi, má purọ́, má jalè, jẹ́ kí èyí tó o ní tó ọ.

Ẹ wá wo ẹni tó ṣe yóógà tán ní Bódìjà láàárọ̀, tó wọ máíkírà lọ sí Dùgbẹ̀. Awakọ̀ ní òun ò ní ṣéńjì. Kí wọ́n tó dé Mókólá, oníyóógà wa ti bú u débi ìyá tó bí i, ìyá àgbà tó jókòó tì í ti bẹ̀ ẹ́ títí, máàtì yóógà ṣì wà lábẹ́ abíyá ẹ̀. Mi ò ní kéèyàn má bínú o, owó ẹni lowó ẹni. Ṣùgbọ́n bí wákàtí kan lórí máàtì ò bá lè mú wa sinmi díẹ̀ ká tó fèsì, eré ìdárayá la ṣe. Ìyẹn náà dáa, ẹ kàn má pè é ní nǹkan míì.

Ọ̀rọ̀ ìdorí-kodò ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹlòmíràn ò tíì lè bẹ̀rẹ̀ kó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ti fẹ́ fi orí dúró torí pé ó rí i lórí Instagram. A ò dá eegun ọrùn láti máa gbé gbogbo ara. Yàtọ̀ síyẹn, bí orí bá ti wà nísàlẹ̀, agbára tí omi inú ojú fi ń ti ẹyinjú máa ń lọ sókè. Kódà bẹ́ ẹ kàn tẹ̀ ba, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, tí ìdí wà lókè, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ní glaucoma, kì í ṣe ohun eré, torí iṣan tí ojú fi ń ríran ni àìsàn náà ń bà jẹ́, èyí tó bá sì ti bà jẹ́ kò ṣeé tún ṣe. Ó wọ́pọ̀ gan-an ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kì í sì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún 40, tàbí tí àìsàn náà wà nínú ìdílé rẹ̀, kó lọ yẹ ojú wò ná. Ilé ìwòsàn UCH ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú, kò jìnnà sí Mókólá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra náà, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó dorí kodò.

Ẹ má tẹ́ ìró tàbí ẹní lásán sórí táìlì, á yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì náà, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí méjì sí mẹ́ta nínú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ara bá ti nira, a máa ń sé èémí, a ó wa eyín mọ́ra. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí èémí bá ti há, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró, ẹ dẹwọ́ díẹ̀.

Ìdùbúlẹ̀ ìparí, èyí tí wọ́n ń pè ní shavasana, làwọn èèyàn ń fò jù. Fóònù ni wọ́n ń sáré sí. Ẹ̀ ń retí kí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì dákẹ́ kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀ ni? Ẹ ó pẹ́.

Àṣàrò náà ní tiẹ̀. Àwọn kan gbà pé ọkàn gbọ́dọ̀ ṣófo. Wọ́n jókòó, ọ̀rọ̀ owó iléèwé ọmọ yọjú, wọ́n ní àwọn ò lè ṣe é, wọ́n dìde. Èrò á wá, kò sẹ́ni tí kì í wá bá. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ rí i pé ó wá, kẹ́ ẹ sì padà sídìí èémí, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Kéèyàn wá dijú, kó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ àna rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kì í ṣe àṣàrò, ẹjọ́ ló ń rò.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹ má purọ́ pé yóógà ò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà. Ó ní. Ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ló ń mú ti ara àti èémí nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà á, kó má ṣe é. Èyí tó burú ni kéèyàn máa yọ́ lọ, kó máa sọ nílé pé bọ́ọ̀lù lòun lọ gbá.

Àwọn míì sì wà tó jẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹfà nìkan ni wọ́n ń rántí, ọjọ́ yóógà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2014. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ sàn ju ìyẹn lọ, kò sì pọn dandan kó jẹ́ orí máàtì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road tó o. Bí gbogbo ọkọ̀ bá ń fọn fèrè, ẹ tú èjìká sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò ní mú kí ọkọ̀ rìn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń wa ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dijú.