Bí mo ṣe wá ilé, àga onítáyà àti physio fún ìyá mi ní Chennai

Iṣẹ́ abẹ orúnkún méjèèjì ló gbé èmi àti ìyá mi dé Chennai, ìlú ńlá létí òkun ní gúúsù Íńdíà. Ilé ìwòsàn ti bá wa ṣètò ti iṣẹ́ abẹ kí a tó kúrò ní Èkó. Àmọ́ ibi tí a ó máa gbé nígbà tí wọ́n bá dá ìyá sílẹ̀, tí dókítà kò sì tíì gbà kó wọ bàálù, ọwọ́ èmi ló wà. Mo tún ní láti wá àga onítáyà tí a lè yá, àti physio, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe máa rìn padà, tí yóò máa wá sílé. N kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, n kò sì gbọ́ Tamil, èdè ibẹ̀. Àwọn ìkànnì tí àwọn ará Íńdíà fúnra wọn fi ń wá oníṣẹ́ àti oníṣòwò nílùú wọn ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ń kọ èyí nítorí pé àwọn èèyàn wa tó ń gbé aláìsàn lọ sí Íńdíà pọ̀ gan-an, ajẹ́ntì tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ pàdé ni ọ̀pọ̀ wọn ń kó owó lé lọ́wọ́.

Justdial lorúkọ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. V. S. S. Mani ló dá a sílẹ̀ ní Mumbai ní 1996, fóònù nìkan ni wọ́n sì fi ń ṣe é nígbà náà: ẹ ó pè, ẹ ó sọ ohun tí ẹ ń wá, wọn á ka nọ́ńbà àwọn tó ń tà á fún yín. Ní 2007 ni wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ Reliance Retail sì ra èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 2021. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é kò ṣòro rántí rárá, 88888 88888 ni. Ìkejì ni Sulekha. Chennai yìí gan-an ni ibùdó rẹ̀, àárín ọdún 1990 sí 2000 ló sì bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn ọmọ Íńdíà tó wà lókè òkun ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kó tó di ibi tí wọ́n ti ń wá oníṣẹ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Justdial á to orúkọ sílẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ni ẹ ó yàn. Sulekha á kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè bíi mélòó kan, á wá ju ohun tí ẹ ń wá sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ kí wọ́n pè yín. IndiaMART wà fún ẹni tó ń ra ọjà lọ́pọ̀. Practo wà fún dókítà. Urban Company máa ń rán oníṣẹ́ wá sílé ní iye tí wọ́n ti kọ síbẹ̀, ó dára fún ẹni tí AC rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo bá lọ.

Ẹ má tíì wá ohunkóhun títí ẹ ó fi ní SIM Íńdíà. Ọ̀pọ̀ nínú ìkànnì wọ̀nyí kì í fi nọ́ńbà oníṣòwò hàn yín àfi tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà tiyín, tí wọ́n fi OTP ránṣẹ́ sí i. Nọ́ńbà Íńdíà, oní-díjíìtì mẹ́wàá, ni ibẹ̀ sì wà fún. Páspọ́ọ̀tù, físà, fọ́tò àti àdírẹ́sì ibi tí a kọ́kọ́ sùn sí ni mo fi gba SIM. Ní ọjọ́ tí a ṣì wà nílé, Google Maps ni mo fi ń wo àdúgbò tí mo fẹ́ ká máa gbé, mo sì ń kọ orúkọ àwọn ilé tó bá wù mí sínú ìwé.

Àdúgbò yẹn ni Greams Road. Ibẹ̀ ni Apollo, ilé iṣẹ́ tó ní ilé ìwòsàn káàkiri Íńdíà, ti ṣí ilé ìwòsàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1983, láti ìgbà náà sì ni ilé àlejò ti kún gbogbo òpópónà kéékèèké tó yí i ká. Ẹ ó rí pátákó tí wọ́n kọ ní èdè Bengali lójú ọ̀nà, nítorí pé àwọn aláìsàn láti Bangladesh àti West Bengal ń wá síbẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá kàn tẹ Chennai, wọ́n lè gbé ilé kan ní Tambaram síwájú yín, ibi tó jìnnà gan-an lápá gúúsù ìlú. Nítorí náà, nọ́ńbà PIN ni mo ń tẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà àdúgbò tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lò, kì í ṣe ti báńkì. Díjíìtì mẹ́fà ni PIN ní Íńdíà, ọjọ́ 15 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1972 ni wọ́n ti ń lò ó. 600 ló bẹ̀rẹ̀ ti Chennai. 600006 ni Greams Road, 600034 sì ni Nungambakkam tó wà nítòsí. Mo tún máa ń tẹ orúkọ òpópónà ní ọ̀nà méjì. Anna Salai ni ìjọba ń pe títì ńlá tó wà níbẹ̀, Mount Road ni àwọn ará ìlú ṣì ń pè é, ohun tí ọ̀kan bá sì fi hàn, èkejì lè má fi hàn án. Àdírẹ́sì wọn kò ṣàjèjì sí mi, torí bíi ti Mushin náà ni: iwájú báńkì báyìí, lẹ́yìn ilé epo báyìí.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀fẹ́ ni oníṣòwò fi ń kọ orúkọ rẹ̀ sí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń san kí orúkọ náà tó lè wà lókè. Ẹni tí ẹ bá rí lókè pátápátá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó sanwó ni, kò tíì sọ fún yín pé ó mọ iṣẹ́. Mo máa ń yí i lọ sísàlẹ̀ dáadáa. N kì í wo iye ìràwọ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà kọ ni mo ń kà. Ẹni tó kọ pé ibẹ̀ dára púpọ̀ kò sọ nǹkan kan fún mi. Ẹni tó kọ pé líìfù wọn máa ń dúró nígbà tí iná bá lọ, tàbí pé obìnrin tó ń gbá ilé máa ń dé láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹni yẹn ti gbé ibẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni mo ń gbé orúkọ náà lọ sí Google Maps. Láti 2022 ni Street View ti padà sí Íńdíà, Chennai sì wà lára àwọn ìlú àkọ́kọ́, nítorí náà mo lè dúró lójú títì lórí fóònù kí n sì wò ó bóyá ilé tó wà nínú fọ́tò wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Fún ẹni tó bá ń béèrè owó tó pọ̀, mo ní ohun kan sí i tí mo ń bi í: nọ́ńbà GST rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà owó orí ọjà tí ìjọba fún un. Àmì 15 ni, méjì àkọ́kọ́ sì ń sọ ìpínlẹ̀. 33 ni Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ tí Chennai wà. Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà yẹn sórí ìkànnì GST ti ìjọba, orúkọ ilé iṣẹ́ náà á jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ àti bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò kékeré ni òfin ní kó ní in, nítorí náà n kò sọ pé olè ni ẹni tí kò ní. Àmọ́ ọkùnrin kan pè mí, ó ní òun ń ṣojú ilé àlejò kan, ó fẹ́ kí n fi owó ránṣẹ́ sórí orúkọ ara rẹ̀ kí yàrá má bàa bọ́. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà GST ilé náà, kó sì fi fídíò fóònù fi yàrá hàn mí. Ó já fóònù náà, kò sì pè mọ́.

Ìpè á pọ̀, kí ó má yà yín lẹ́nu. Bí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí owó nìyẹn: ohun tí ẹ fi sílẹ̀ pé ẹ ń wá, àwọn oníṣòwò bíi mélòó kan ni wọ́n máa ń fún lẹ́ẹ̀kan náà. Tí nọ́ńbà oníṣòwò bá ti hàn, èmi ni mo ń pè, n kì í tẹ bọ́tìnnì tó ní kí n fi ìbéèrè sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Ti ìpè ìpolówó, ẹ fi ọ̀rọ̀ START 0 ránṣẹ́ sí 1909 lórí SMS, á mú un dínkù.

Nígbà tí mo bá pe ilé àlejò, ìbéèrè mi kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ṣé wọ́n ń gba àlejò láti ìlú òkèèrè. Òfin Íńdíà ní kí ẹni tó bá gba àjèjì sílé fi tó FRRO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjèjì, létí láàárín wákàtí 24. Form C ni wọ́n ń pe fọ́ọ̀mù rẹ̀ nígbà tí a lọ. Ilé tí kò bá mọ ohun tí mo ń sọ, mo dágbére fún un, bó ti wù kó lẹ́wà tó, nítorí àwa ni wàhálà rẹ̀ máa já lé lórí ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ìkejì ni líìfù. Ìkẹta ni ṣáláńgá, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í rántí èyí. Ilé púpọ̀ ní Íńdíà ló jẹ́ pé ìlóṣòó ni wọ́n ń lóṣòó, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe orúnkún fún kò sì gbọ́dọ̀ lóṣòó. Western toilet ni ẹ ó sọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ìkẹrin ni kíṣìnnì, torí a gbé èlùbọ́ dání.

Mo gun kẹ̀kẹ́ Maruwa lọ wo àwọn ilé tó kù lẹ́yìn ìbéèrè wọ̀nyí. Obìnrin tó ni ilé tí a gbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó rìn mí dé inú ilé ìwẹ̀, ó fi ọwọ́ mi di irin ara ògiri mú kí n lè mọ̀ pé kò mì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Akka, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lóbìnrin níbẹ̀. Amma ni òun ń pe ìyá mi.

Àga onítáyà kò le rárá, ohun tí ẹ bá tẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá tẹ wheelchair nìkan, àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń tà á lọ́pọ̀ ni ẹ ó rí. Wheelchair on hire ni ẹ ó tẹ̀, pẹ̀lú PIN yín. Mo yan ilé ìtajà tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé. Mo gbé téèpù lọ láti wọn fífẹ̀ àga náà, nítorí mo ti wọn ẹnu ọ̀nà líìfù ilé wa. Mo wò ó bóyá bíréèkì rẹ̀ ń mú, àti bóyá ibi ìgbẹ́sẹ̀lé rẹ̀ ṣeé gbé sókè kí ẹsẹ̀ ìyá lè nà tààrà. Wọ́n gba owó ìdógò, mo ní kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sórí rìsíìtì. Walker, irin tí ìyá ń dì mú rìn, rírà ni mo rà á, ó bá wa dé Èkó.

Ti physio ni mo fi ọkàn sí jù, nítorí ọwọ́ ẹni náà ni ìrìn ìyá mi wà. Mo kọ́kọ́ ní kí ilé ìwòsàn kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó máa ṣe lójoojúmọ́ sílẹ̀: ibi tí orúnkún gbọ́dọ̀ tẹ̀ dé, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Nígbà tí mo bá pe ẹni tí mo rí lórí ìkànnì, mo máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, bóyá BPT ni (dìgírì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ physio) tàbí MPT (dìgírì kejì), mo sì ń bi í bóyá ó ti tọ́jú ẹni tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún rí. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ owó kó tó béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, n kò bá a lọ. Ẹni tó ní òróró kan wà tí òun á fi ra á, tí á fi yá kíá, òun náà kọ́. Ọmọbìnrin tí a gbà ní kí n fi fọ́tò ìwé ilé ìwòsàn ránṣẹ́ kó tó sọ iye kankan, ó sì pè mí padà pẹ̀lú ìbéèrè lórí oògùn tí ìyá ń lò. Ó máa ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ á gòkè ní Tamil, onnu, rendu, moonu, ìyá mi á sì máa kà á tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a dá àga padà, wọ́n dá owó ìdógò wa padà láìsí àríyànjiyàn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ tèmi sórí àwọn ìkànnì náà fún ilé, fún ilé ìtajà àti fún physio. Mo kọ pé líìfù náà gba àga onítáyà, pé Western toilet ni, pé wọ́n ń fi Form C ránṣẹ́, pé wọ́n gbà kí a dáná, pé láti Nàìjíríà la ti wá.