Ẹ yí i dojú bolẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ ra orí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ara lè jẹ́ àtúnkùn. Abẹ́ ni orúkọ ilé iṣẹ́ sábà máa ń wà. Ẹ wọn àárín irin tó ń rìn lé: 32 mm ni ti ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní O, 16.5 mm ni ti àwọn ìwọ̀n HO àti OO (ọkọ̀ OO ló fi díẹ̀ tóbi jù: ó jẹ́ ìdá kan nínú 76 ọkọ̀ gidi, ti HO jẹ́ ìdá kan nínú 87). Àmọ́ síǹkì, irin tí wọ́n sábà máa ń fi rọ ara rẹ̀, gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n rọ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, òjé tó dà pọ̀ mọ́ ọn máa ń mú kó wú, kó sán, kó wá rún wómúwómú. Kò ṣeé wò sàn. Bẹ́ ẹ bá rí ojú sísán wẹ́rẹ́, ẹ má fi iná mànàmáná sí i rárá.